Ìpè Ìrun Láti Inú Sítọ́ọ̀ Àgbàdo

Ní ọjà Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ sí, mo ṣubú gbìì sórí iṣu oníṣu. Òòyì kò kọ́ mi, n kò sì kọsẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dúró lẹ́yìn mi tí fóònù rẹ̀ dún lápò, ohun tó sì fi sí i lórí ni ìrun pípè, bí ládàánì ṣe máa ń ké e láti mọ́ṣáláṣí. Kó tó ki ọwọ́ bọ àpò, orúnkún mi ti yẹ̀. Ìyá oníṣu gbé mi dìde, ó gbọn eruku ara mi, ó ní, "Àǹtí, àbí oyún ni?" Oyún kẹ̀! Èmi tí mo ti ń retí ọmọ ọmọ. Mo fi ẹ̀rín bo ojú mi, mo ra iṣu tó ṣẹ́ lábẹ́ mi, mo sì wá ibi kan jókòó sí títí ọkàn mi fi wálẹ̀. Mo délé, n kò sọ fún ọkọ mi. Kí ni kí n sọ? Pé ohùn tí wọ́n fi ń pe ènìyàn wá jọ́sìn ló gbé mi ṣubú láàárín ọjà?

Kristẹni ni mí, ṣùgbọ́n bàbá tó bí bàbá mi, lèmọ́mù ni. Láti kékeré ni ìrun pípè ti ń jí mi láàárọ̀, òun náà ni mo fi ń mọ̀ pé ilé ìwé ti yá. Ó máa ń tù mí lára nígbà náà. Báwo ni ohun tó tuni lára ṣe wá di ohun tó ń lé mi kiri ìgboro? Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ fà mọ́ra, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọ̀ràn tó wà lọ́rùn mi báyìí ju agbára mi lọ, mo sì ti rò ó títí, ojútùú rẹ̀ kò yé mi.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nígbà náà kì í tètè yé àwọn èèyàn wa. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ti tóbi, tó wá pín sí ẹ̀ka ẹ̀ka, tí ọ̀gá kò lè fi ojú ara rẹ̀ rí gbogbo rẹ̀ mọ́, wọ́n á ránṣẹ́ pè mí. Màá lọ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, màá jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́ nídìí iṣẹ́ wọn, màá sì máa bi wọ́n léèrè. Kí lẹ mọ̀? Ta lẹ sọ ọ́ fún? Ta ló yẹ kó gbọ́ tí kò gbọ́? Tí mo bá ti yí gbogbo rẹ̀ ká tán, màá sọ fún ọ̀gá bóyá ohun tí àwọn ará ibí mọ̀ ń dé etí àwọn ará ọ̀hún, tàbí ó kàn ń kú sí ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ tipẹ́, pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Òwe yìí ni mo fi máa ń ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún ẹni tó bá bi mí. Mo máa ń fi rẹ́rìn-ín ni tẹ́lẹ̀. N kò pa òwe náà mọ́.

Alhája kan ló pè mí lọ sí Ṣakí. Opó ni, ọkọ rẹ̀ ló fi ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un. Àgbàdo ni wọ́n ń rà káàkiri Òkè Ògùn, wọ́n á kó o jọ sí sítọ́ọ̀, wọ́n á wá lọ̀ ọ́ di oúnjẹ adìẹ. Alhája ní ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ náà ti sú òun. Ọkọ̀ àgbàdo á dé, àwọn tó yẹ kó já a kò ní mọ̀ pé ó ń bọ̀. Àwọn awakọ̀ á gbéra lọ sí Òkèhò, ọjà tí wọ́n fẹ́ lọ kó á ti kúrò níbẹ̀ láti ìjẹta. "Wọ́n ń kíra wọn, wọ́n ń bára wọn ṣeré," ni Alhája wí, "ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ohun tí èkejì ń ṣe. Ẹ bá mi wò ó, Àǹtí, kó tó di pé wọ́n fi mí ṣẹ̀sín." Kó tó di pé wọ́n fi í ṣẹ̀sín! Ìyẹn ló ń bà á lẹ́rù nígbà náà.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo débẹ̀. Ọyẹ́ mú gan-an, eruku bo ojú ọ̀run, oòrùn rí bàìbàì bí ojú aláìsàn. Ilé iṣẹ́ náà kò sí nínú ìlú, ẹ̀yìn Ṣakí ló wà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ogbooro, koríko tí iná ọdẹ ti jó dúdú ló yí i ká. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lẹ́nu gétì, mo rí obìnrin kan tó jókòó sórí òkúta lábẹ́ igi òrí, abọ́ oúnjẹ tó fi aṣọ dì wà lórí itan rẹ̀. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí mi bí ẹni pé mo jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ a jọ lè jẹ́ ẹgbẹ́.

"Ẹ kú àárọ̀, Àǹtí. Ẹ dákun, tí ẹ bá wọlé, ẹ bá mi wo Bàbá Kàfáyà. Ọkọ mi ni. Ó ń bá wọn ru àgbàdo níbí. Láti Ọjọ́bọ̀ tó ti wá síṣẹ́, kò tíì padà wálé. Bàbá gétì ní ó wà nínú, òun kò rí i kó jáde. Àwọn ọ́fíìsì ní ó ti bá ọkọ̀ lọ sí Ìwéré-Ilé láti ọ̀sán ọjọ́ náà. Ṣé ènìyàn kan lè ní ara méjì ni, Àǹtí?"

Mo bi í bóyá ó ti pè é lórí fóònù. Ó ní òun ń pè é ṣáá, ó ń dún, kò gbé e. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, màá bá a béèrè. Mo wọlé, mo sì ń wí nínú ara mi pé irú nǹkan tí wọ́n torí rẹ̀ pè mí gan-an nìyí, ẹnu gétì ń sọ tirẹ̀, ọ́fíìsì ń sọ tirẹ̀. N kò mọ̀ pé ohun tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi wọ̀ nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin tó ń gba fóònù ilé iṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ jókòó sí. Wọn kò tíì tan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, mo gbọ́ ìrun pípè lókèèrè, tínrín, bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga. Ọmọ náà dákẹ́ lójijì, ó gbójú sókè wo aago ara ògiri. Èmi náà wò ó. Àárọ̀ ṣì ni, kò sí ìrun kankan tí Mùsùlùmí ń kí lákòókò yẹn. Kí n tó sọ̀rọ̀, ohùn náà ṣàdédé gé láàárín gbólóhùn, bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ bo ládàánì lẹ́nu. Mo ní, "Mọ́ṣáláṣí wo nìyẹn?" Ọmọ náà ní kò sí mọ́ṣáláṣí nítòsí, èyí tó sún mọ́ wa jù, inú ìlú ló wà. Ó wá tẹjú mọ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹ̀."

Mo padà sórí ìbéèrè mi. Mo ní tí èèyàn bá pe fóònù, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá kan ọ́fíìsì rẹ, ta lo ń sọ ọ́ fún? Ó ní òun kì í sọ fún ẹnikẹ́ni bí onítọ̀hún kò bá dárúkọ ẹni tó ń wá. Ó wá fi àpẹẹrẹ kan sí i, kò sì mọ ohun tó ń sọ, ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, bí òun ṣe ń palẹ̀ mọ́, ẹnì kan pè. Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń wúkọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré gun òkè. Òun ṣe "hẹ́lò, hẹ́lò" títí, kò dáhùn. Òun rò pé àwọn gbájú-ẹ̀ ni, òun sì gé e. Mo gbà á gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, mo sì kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn yòókù.

Ìyá tó ń gbálẹ̀ ló là á fún mi. Mo rí i pé ó gbá gbogbo àgbàlá mọ́, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan iwájú sítọ́ọ̀ ńlá tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ewé gbígbẹ kún ibẹ̀. Mo bi í ìdí rẹ̀. Ó fà mí sápá kan, ó ní àlùjànnú ti wọ sítọ́ọ̀ yẹn. Ó ní Mùsùlùmí ni, nítorí ó máa ń pe ìrun, ṣùgbọ́n kò mọ àkókò, ó lè pè é láàárọ̀, ó lè pè é nígbà tí oòrùn wà lókè, kì í sì í parí rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ Jímọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọlọ́dẹ pàápàá ti gbé bẹ́ńṣì wọn kúrò nítòsí ibẹ̀. Mo ní, "Ṣé ẹ sọ fún Alhája?" Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. "Kí n lọ sọ fún Alhája pé àlùjànnú ń kírun ní sítọ́ọ̀ ẹ̀? Kí wọ́n lè lé mi níṣẹ́?"

Mo rìn dé iwájú sítọ́ọ̀ náà. Wọ́n ti fi téèpù lẹ gbogbo etí ilẹ̀kùn rẹ̀ pinpin, wọ́n lẹ àwòrán agbárí òkú mọ́ ọn lára, torí wọ́n ti fi oògùn kòkòrò sí inú rẹ̀. Alángbá méjì ló kú sídìí ilẹ̀kùn, wọ́n na ọwọ́ na ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́, páànù òrùlé ń ró wìnnìwìnnì. Mo dúró níbẹ̀ díẹ̀. Mo yára kúrò.

Ẹni tó ń darí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo, ẹ̀gbẹ́ sítọ́ọ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó ní nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí òun pa ẹ̀rọ díẹ̀ láti da epo sí i, òun gbọ́ tí nǹkan ń gbá páànù lára sítọ́ọ̀, gbà, gbà, gbà, ó dúró, ó tún gbá a. Òun rò pé atẹ́gùn ló ń ṣí òrùlé. Mo ní ta ló sọ fún? Ó ní òrùlé sítọ́ọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ òun, àwọn tó ni sítọ́ọ̀ máa rí i fúnra wọn. Ó tan ẹ̀rọ padà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò tíì mọ ohunkóhun nígbà yẹn o. Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra àgbàdo. Mo bi ọ̀gá wọn nípa Bàbá Kàfáyà. Ó ní Bàbá Kàfáyà? Àwọn mọ̀ ọ́n dáadáa. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, àwọn rán an wọ inú sítọ́ọ̀ ńlá láti ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn, pé kó lọ rán àwọn àpò tí eku ti jẹ nídìí ní ìpẹ̀kun ibẹ̀. Ọkọ̀ ti ń fọn fèrè fún àwọn láti lọ sí ọjà Ìwéré-Ilé, àwọn sì fi í síbẹ̀. Ó ti ní láti parí, kó sì ti lọ sílé. Mo ní ṣé ẹ sọ fún àwọn tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ pé ẹ fi ènìyàn síbẹ̀? Ó ní, "Ilẹ̀kùn tiwa la gbà wọlé, Àǹtí. Kí ló kàn wọ́n níbẹ̀?"

Mo sáré, mo ní mo sáré, n kò rìn, lọ bá ọ̀gá àwọn tó ń fi oògùn sí àgbàdo. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó ní kí òun tó fi oògùn sí i ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, òun bi àwọn oní-sítọ́ọ̀ bóyá èèyàn wà nínú, wọ́n ní gbogbo ọmọ iṣẹ́ àwọn ti jáde. Òun dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ńlá, òun ké sínú pé ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀rọ ń pariwo. Òun wá yí lọ sí ẹ̀gbẹ́, òun rí i pé wọ́n fi ilẹ̀kùn kékeré yẹn sílẹ̀ láìtì í. "Mo bínú sí àwọn tó ń rajà," ó ní, "mo ní aláìbìkítà ni wọ́n. Bí kò bá sí èmi ni, gbogbo oògùn ìbá fẹ́ jáde. Mo fi àgádágodo tèmi tì í." Ó ń retí kí n yìn ín.

Kò sí ẹni tó purọ́ fún mi nínú gbogbo wọn. Olúkúlùkù mọ tirẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n dájú. Ọ́fíìsì tó ń rí sí òṣìṣẹ́ ti yan Bàbá Kàfáyà mọ́ àwọn tó máa lọ sí Ìwéré-Ilé, nítorí náà lójú tiwọn, ó ti lọ. Àwọn awakọ̀ mọ̀ pé kò bá àwọn lọ, kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Mo dijú sórí ìdúró, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kó jẹ́ pé ìrònú àrìnkèrindò ló ń ṣe mí. Mo wá ń lọ sí ẹnu gétì láti bi bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá ó dá a lójú pé ọkùnrin yìí kò jáde.

Ìyá Kàfáyà ṣì wà lábẹ́ igi òrí. Bàbá gétì ti fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó fi kan iwájú orí, ó ń búra fún mi pé bí ọkùnrin náà bá gba ibẹ̀ jáde, ojú òun ni ìbá ṣe. Bó ṣe ń búra lọ́wọ́, obìnrin náà gbé fóònù rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sétí. Ohùn náà bẹ̀rẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ àgbàlá lọ́hùn-ún ló ti ń bọ̀, tínrín, ó ń pe ìrun. Ẹ̀rọ ti dákẹ́ torí oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo wa la gbọ́ ọ. Bàbá gétì bẹ̀rẹ̀ sí í ka kálímà. Obìnrin náà gbé fóònù kúrò létí, ó tẹ̀ ẹ́ pa. Ohùn náà gé.

Mo ní, "Ìyá Kàfáyà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un pè." Ó tún un pè. Àlùjànnú tún bẹ̀rẹ̀ ìrun rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin náà gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó rẹ́rìn-ín! Ojú rẹ̀ là bí ojú ìyàwó tuntun. "Fóònù rẹ̀ nìyẹn! Ohùn fóònù Bàbá Kàfáyà ni! Mo sọ fún yín pé ó wà níbẹ̀!" Ó gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀, ó ń sáré lọ sí ìsàlẹ̀ àgbàlá, ìborùn rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, fóònù ṣì ń pe ìrun níwájú rẹ̀. Mo pariwo kí wọ́n dì í mú. Ẹ̀rín yẹn, mo ń rí i títí di òní.

Ọ̀gá oníoògùn ló fi ohun ìbòmú bojú tó ṣí ilẹ̀kùn kékeré náà, kọ́kọ́rọ́ sì bọ́ sílẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n ní kí gbogbo wa jìnnà. Nígbà tí afẹ́fẹ́ ti wọ ibẹ̀, tí ọlọ́pàá ti dé, mo rí i. Ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ká ẹsẹ̀ jọ, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Fóònù tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀, iná rẹ̀ ṣì ń tàn díẹ̀díẹ̀. Òun náà ni àlùjànnú, òun náà ni páànù tí atẹ́gùn ń gbá, òun náà ni gbájú-ẹ̀ tó ń wúkọ́ lórí fóònù. Gbogbo ilé iṣẹ́ yẹn ló gbọ́ ọ.

Wọ́n sin ín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì bí ẹ̀sìn rẹ̀ ṣe wí. Alhája sunkún, kì í ṣe ẹkún ẹnu lásán, ó sunkún débi pé wọ́n da omi sí i lára. Ṣùgbọ́n òun náà ló kọ́kọ́ sọ fún ìyàwó olóògbé pé oorun ló gbé e lọ lórí àpò àgbàdo, pé kò mọ nǹkan kan. Nígbà tí mo fẹ́ jíṣẹ́ ohun tí mo rí fún Alhája, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Gbogbo àtúnṣe tí ẹ bá ní ká ṣe la máa ṣe, Àǹtí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé ó gbá páànù, pé ó pe fóònù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó dé etí obìnrin yẹn. Ẹ jẹ́ kó sùn." N kò mọ̀ títí di òní bóyá àánú obìnrin náà ló ń ṣe é, tàbí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń bò. Ó lè jẹ́ méjèèjì. Mo sọ gbogbo ohun tí mo rí fún òun àti fún ọlọ́pàá bó ṣe rí, mo sì kúrò ní Ṣakí. Láti ìgbà náà, n kò gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nígbà tí àdúrà ogójì ọjọ́ pé, Ìyá Kàfáyà ránṣẹ́ pè mí. Mo lọ. Lẹ́yìn tí àwọn àlùfáà ti jẹun tán, tí wọ́n ti lọ, ó mú mi wọ yàrá rẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọ jáde. Ó tẹ́ ẹní, a jókòó. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó fi ìpè kan hàn mí, ìpè tó wọlé tí kò sẹ́ni tó gbé e, nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn.

"Wọ́n ní ó sùn ni," ó ní. "Àǹtí, ṣé ẹni tó ń sùn máa ń fílááṣì ìyàwó ẹ̀?"

Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo wo aago tí ìpè náà wọlé.

"Ẹ̀yin lẹ bi gbogbo wọn léèrè. Gbogbo wọn ló mọ díẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n tán. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fi mí sínú òkùnkùn."

Kí lẹ rò pé mo lè ṣe? Obìnrin tí gbogbo ayé ti ń sọ fún pé ọkọ rẹ̀ wà níbí, ó wà lọ́hùn-ún, ṣé èmi náà ni kí n tún dá a padà sẹ́nu gétì? Mo sọ fún un. Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, mo sọ nípa páànù, mo sọ nípa ìpè tó wọ ọ́fíìsì, mo ní lẹ́yìn ìyẹn ló pe fóònù tirẹ̀. Mo ní dókítà tó yẹ òkú náà wò sọ pé kò lè pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Kò sunkún. Ó kàn ń ṣírò nǹkan pẹ̀lú ojú rẹ̀, ó wá ní, "Ìrun Mọ̀gàríbì ni mò ń kí lọ́wọ́. Mo fi fóònù sábẹ́ ẹní. Mo gbọ́ ọ tó mì, mo ní tí mo bá sálámà tán màá wò ó." Ó tún ní, "Ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni mo wà nígbà tó ń pè mí." Ó bu omi fún mi mu, ó sìn mí dé ojú títì, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí ọkọ̀ mi fi gbéra.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Kàfáyà, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, pè mí. Ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn, Màámi kì í kí Mọ̀gàríbì mọ́. Ó ń kí Àsùbáà, ó ń kí àwọn yòókù, ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti ń wọ̀, á gbé àpótí sí ojúde, á gbé fóònù lé ọwọ́ méjèèjì, á máa wò ó. Bí ọmọ ọmọ rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, á gbé ọwọ́ sókè pé kó dákẹ́, kí òun má baà ṣàì gbọ́. Ní àwọn ìrọ̀lẹ́ mìíràn, á gbé fóònù náà sétí nígbà tí kò dún, á sì máa ní, "Mo wà níbí. Mo wà níbí." Wọ́n ti pe àlùfáà, àlùfáà bá a sọ̀rọ̀ títí, ó ní òun gbọ́, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó tún jáde. Kàfáyà ní, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ fi í sí i lórí, ẹ̀yin lẹ lè mú un kúrò. Ẹ wá sọ fún un pé ẹ ṣì í gbọ́. Ẹ ní ẹ ti tún wádìí ẹ̀, pé Dádì ti kú kí ìpè yẹn tó wọlé, pé nẹ́tíwọ̀kì ló fà á. Ó máa gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́."

Ọkọ mi ní kí n má lọ, ó ní òtítọ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń lọ gbà padà bí aṣọ tó yá ẹlòmíràn. Àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní kí n lọ, pé òkú kò mọ̀ pé a purọ́ mọ́ òun, alààyè ló yẹ ká tọ́jú. Bí mo bá ro ti ọkọ mi, mo gbà. Bí mo bá ro ti àbúrò mi, mo gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ayé jù mí lọ, ẹ̀yin tí ẹ ti ní opó nínú ilé rí, ẹ bá mi dá sí i, ẹ má dákẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ yìí ni wọ́n ń retí mi ní Ṣakí. Kàfáyà ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé mò ń bọ̀. Ó ní inú ìyá náà dùn gan-an, ó ti ra ẹja sílẹ̀ dè mí, ó sì ń sọ fún gbogbo ará ilé pé ẹni kan ṣoṣo tí kò purọ́ fún òun ló ń bọ̀ wá kí òun.